Ọlọ Ọlọ́wọ́, Kì Í Ṣe Ọlọ Olówó

Ọkùnrin náà ti ki ọwọ́ bọ àpò kí ọmọbìnrin náà tó rí i. Ó dúró síwájú ẹ̀rọ kọfí aláwọ̀ fàdákà tó wà lójú wíńdò ṣọ́ọ̀bù, ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wo ojú ara rẹ̀ nínú dídán ẹ̀rọ náà. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n yíǹkì pupa wà lórí ìka rẹ̀, bírò kan sì há sí ẹ̀yìn etí rẹ̀ tó dájú pé ó ti gbàgbé síbẹ̀ láti àárọ̀. Ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tó mọ̀ pé òun fẹ́ ṣe àṣìṣe, tó sì ti pinnu pé òun á ṣe é.

"Ẹ má rà á," ni ohùn kan wí lẹ́yìn rẹ̀.

Ó yíjú padà. Ọmọbìnrin kan jókòó sórí àkàbà onígi, ó gbé kẹ́tùlù kan lé itan, ó ń fi aṣọ nù ún. Ẹyinjú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ kò tíì rín.

"Oníbàárà ni ẹ̀yin náà ni?"

"Rárá o. Bàbá mi ló ni ṣọ́ọ̀bù yìí. Èmi ni mò ń tajà níbẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń tajà, ẹ wá ní kí n má rà á?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ má rà á."

Ẹni tó bá jẹ́ ará àdúgbò yẹn kò ní bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ wà níbì kan, ṣùgbọ́n Ẹmáràá ni gbogbo òpópónà ń pè é. Bí o bá fẹ́ ra ìkòkò tó tóbi ju ìdílé rẹ lọ, á ní kí o má rà á. Bí o bá fẹ́ ra ọ̀bẹ mẹ́fà tí ẹyọ kan máa ṣe iṣẹ́ wọn, á ní kí o má rà á. Bàbá rẹ̀ a máa di orí mú, a ní, "Ọmọ tí mo bí pé kó bá mi tajà, òun ló ń lé oníbàárà!" Ṣùgbọ́n àwọn tó lé lọ kì í pẹ́ padà, wọn a tún mú ẹlòmíràn dání, torí pé ibi tí wọn kò ti ń purọ́ fún ènìyàn kò pọ̀.

"Kí lẹ fẹ́ fi ẹ̀rọ ṣe?" ni Ẹmáràá bi í.

"Kọfí ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, mo ti ní iyàrá tèmi. Èyí tí mò ń fi ṣíbí bù nínú agolo láàárọ̀, omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò sàn jù ú lọ. Ilé kọfí kan wà nítòsí ibi iṣẹ́ mi, tiwọn dùn, ṣùgbọ́n bí mo bá ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, ibẹ̀ ni owó oṣù mi máa sùn."

"Ẹ wá fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ sùn sínú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà."

Ó rẹ́rìn-ín, kò mọ ìgbà tó rín in.

Ẹmáràá sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà. "Ẹ gbọ́ ná. Kọfí tí wọ́n ti lọ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ti kú. Kò sí ẹ̀rọ tó lè jí òkú. Ẹ ra hóró kọfí tuntun, kí ẹ máa lọ̀ ọ́ nígbà tí omi bá ń hó lórí iná. Ọlọ ni kí ẹ kọ́kọ́ ná owó lé. Àwọn tó kù, pọ́ọ́kú lẹ máa rí wọn."

Ó nawọ́ sí ẹ̀rọ kékeré kan tó ní abẹ nínú. "Èyí ńkọ́? Òun náà pọ́ọ́kú."

"Ẹ má rà á. Gígé ló ń gé e, kì í lọ̀ ọ́. Apá kan á rí bí eruku, apá kan á rí bí òkúta wẹ́wẹ́. Ti eruku á korò, ti òkúta á kan, inú ife kan náà ni wọ́n á sì ti máa bá ara wọn jà."

"Àrọ́ tanganran tí wọ́n fi ń sẹ́ kọfí yìí rẹwà."

"Ó rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n á fa ooru inú omi yín mu. Oníke ni kí ẹ mú. Kò rẹwà, kì í fọ́, kò sì wọ́n. Ẹ mú bébà asẹ́ tó bá a mu. Ṣé ẹ ní kẹ́tùlù nílé?"

"Ti ẹ̀gbọ́n mi wà lọ́wọ́ mi. Kò tíì mọ̀."

"Ó ti tó nìyẹn. Èyí tí ọrùn rẹ̀ gùn bí ti lékèélékèé yẹn, ẹ fi í sílẹ̀ títí ẹ ó fi ní owó tí ẹ fẹ́ fi ṣeré. Òṣùwọ̀n kékeré nìkan ló kù, torí pé ojú a máa tan ènìyàn jẹ tó bá di ọ̀rọ̀ ìwọ̀n."

"Ọlọ ọ̀hún dà?"

Ó mú un lọ sí pẹpẹ ìsàlẹ̀. Àwọn ọlọ náà tò síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju ife lọ, ó ní irin tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí lórí. Eruku ti bò wọ́n. Páálí kan wà lókè wọn tí wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ: OLO OLOWO.

Ọkùnrin náà kà á, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín?"

"Ta ló kọ èyí?"

"Bàbá mi ni. Ọlọ ọlọ́wọ́. Kí ló ṣe é?"

"Èmi kà á ní ọlọ olówó."

Ẹmáràá wo páálí, ó wo ọlọ, ó tún wo páálí. Ó rántí gbogbo àwọn tó ti dúró níbẹ̀ rí, tí wọ́n ká ọwọ́ wọn kò, tí wọ́n kọjá lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ṣèèṣì yà sí ilé olówó. "Háà! Ìdí tí wọn kò ṣe rà á nìyẹn! Wọ́n rò pé ti àwọn olówó ni!"

"Ẹ gbà mí láyè." Ó fa bírò pupa yọ lẹ́yìn etí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àmì sí i lókè, ó fi sí i nísàlẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń ran bọ́tìnnì mọ́ aṣọ. Nígbà tó dìde, ọlọ ọlọ́wọ́ ló wà lára páálí, ẹnikẹ́ni kò sì lè ṣì í kà mọ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ló ń ṣiṣẹ́ fún, òun ló ń ka ìwé kó tó di títẹ̀, tó ń fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé fi sílẹ̀ ní ìhòòhò. Alámì ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Kó tó kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn, Ẹmáràá náà ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó gbé ọlọ, àrọ́ ike, bébà àti òṣùwọ̀n dání nínú àpò kan ṣoṣo, ó ń rìn lọ bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Kò pẹ́ tó fi padà wá.

"Ó korò," ló wí.

"Ẹ lọ̀ ọ́ kúnná jù. Ẹ yí ìdí ọlọ yẹn kó dẹ̀ díẹ̀."

Ó lọ, ó tún dé. "Ó ti ń kan báyìí."

"Ẹ ti jẹ́ kó dẹ̀ jù. Ẹ fún un padà díẹ̀."

Ó tún lọ, ó tún dé. Ẹmáràá fi ọwọ́ lé ìbàdí. "Kí ló tún ṣe é?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ó dùn."

"Kí lẹ wá wá ṣe?"

"Mo wá sọ fún yín pé ó dùn ni."

Ẹ̀yin tí ìfẹ́ ti mú rí, ẹ kò nílò kí n túmọ̀ ìyẹn fún yín. Láti ìgbà náà, bí ọ̀sán bá pọ́n tí ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé bá jáde fún ìsinmi, orí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù ni ẹ máa bá àwọn méjèèjì, wọ́n á máa jiyàn lórí ìwọ̀n kọfí àti ìwọ̀n omi. Ọlọ ọlọ́wọ́ ń tà wàràwàrà. Bàbá Ẹmáràá ń rí gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn káńtà. Inú rẹ̀ dùn sí ọlọ tó ń tà, ṣùgbọ́n kò dùn sí bẹ́ǹṣì.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, ẹ̀gbọ́n Alámì tó jẹ́ nọ́ọ̀sì pe Ẹmáràá wá sí iyàrá àbúrò rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ rí ẹni tó sọ ọkùnrin tí kò lè se omi di ẹni tó ń fi òṣùwọ̀n wọn kọfí. Nígbà tó rí i tán, ó wo kẹ́tùlù tó wà lórí iná. "Ẹ̀n-ẹ́n, kẹ́tùlù mi rèé! Mo ti ń bi àwọn aládùúgbò." Ó mu díẹ̀, ó yin kọfí, ó ní iṣẹ́ ń pe òun, ó sì lọ. Kò sí iṣẹ́ kankan tó ń pè é. Ẹ̀gbọ́n tó gbọ́n ni.

Iyàrá náà kéré. Bẹ́ẹ̀dì kan, tábìlì kan, ìwé tí wọ́n tò jọ títí dé ojú wíńdò, àti okùn aṣọ aládùúgbò tó ń mì níta. Alámì fi omi gbígbóná rin bébà, ó da kọfí sí i, ó wá rọra ń da omi yí i ká. Kọfí náà wú sókè, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé.

"Dúró díẹ̀ kí o tó da ìyókù," ni Ẹmáràá wí. "Jẹ́ kó mí."

Alámì dúró, kẹ́tùlù wà lókè lọ́wọ́ rẹ̀. "O pè mí ní 'o'."

Ojú ti Ẹmáràá díẹ̀. "Ẹ má bínú. Ẹnu mi ló ṣì í sọ."

"Jọ̀ọ́, má tún un ṣe. Àtúnṣe ni mò ń ṣe láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Èyí ò nílò àtúnṣe."

Wọ́n mu kọfí ọ̀hún títí ó fi tán. Ẹmáràá mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé òun fẹ́ràn rẹ̀, ó sì mọ̀ pé kò sí ohun tí òun máa rí lára ọkùnrin yìí tí òun fi máa sọ fún ara òun pé má rà á.

Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ti ń wo pẹpẹ kan náà. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ kọfí aláwọ̀ fàdákà yẹn ní aṣojú kan, ọkùnrin tó sanra níwọ̀n, tó máa ń múra dáadáa, tó ní mọ́tò tó tutù nínú. Kì í ṣe ènìyàn búburú, mi ò ní tìtorí ìtàn bà á jẹ́. Ó sọ fún bàbá Ẹmáràá pé òun fẹ́ sọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ di ibi kan ṣoṣo tí wọ́n á ti máa ta ẹ̀rọ òun ní ìlú náà, pé òun á tún ojú wíńdò ṣe, òun á fi iná mèremère sí i. Lẹ́yìn náà ló wá fi kún un pé òun fẹ́ràn ọmọ rẹ̀, òun sì fẹ́ fi ṣe aya.

Bàbá gbọ́, orí rẹ̀ wú. Kò kórìíra Alámì. Ẹ̀rù ló ń bà á. Láti ìgbà tí ìyá ọmọ ti kú, òun nìkan ló tọ́ Ẹmáràá, kò sì fẹ́ kí ìyà jẹ ẹ́.

"Ọmọ dáadáa ni," ló wí nígbà tí wọ́n ń jẹun lálẹ́. "Àmọ́ ẹni tó jẹ́ pé àmì ló ń fi sórí ọ̀rọ̀, kí ló fẹ́ fi sórí tábìlì ẹ?"

"Kọfí, bàbá mi," ni Ẹmáràá dá a lóhùn.

Bàbá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó pa á mọ́ra. "Ó dáa. Kí àwọn méjèèjì wá ní Sátidé. Kí aṣojú lo ẹ̀rọ ẹ̀, kí tìrẹ náà gbé àrọ́ ẹ̀ wá. Mi ò mọ kọfí, àmọ́ mo mọ ohun tó bá wù mí lẹ́nu. Ẹni tó bá fún mi ní ohun tí màá tọrọ lẹ́ẹ̀kejì ni màá súre fún."

"Bàbá mi, èmi kì í ṣe ọjà orí pẹpẹ o. Ẹni tí màá fẹ́, èmi ni màá yàn án."

"Ta ló ní kó o má yàn án? Ìre ẹnu mi ni mò ń sọ. Ṣé ìyẹn kì í ṣe tèmi ni?"

Ẹmáràá bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwo jọ. Ó lè fẹ́ ẹni tó wù ú láìsí ìre yẹn, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá yìí nìkan ló kù ú, kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ìbànújẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù tí òun nìkan á máa dá jókòó sí. Ó fẹ́ ìre náà. Ó fẹ́ ẹ gidigidi.

Bí ẹni pé ìyẹn kò tó, ọ̀gá Alámì pè é lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀. Wọ́n ti ṣí ẹ̀ka tuntun sí ìlú kan tó jìnnà, wọ́n sì ń wá ẹni tó máa ṣe olórí ibẹ̀. Bọ́ọ̀sì máa gbéra láàárọ̀ Sátidé. Alámì sá wá sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó sọ fún Ẹmáràá.

"Mi ò tíì dáhùn," ló wí.

Ẹmáràá dúró gbọn-in. "Mi ò ní dá ẹ dúró. Ipò olórí kì í ṣe ohun téèyàn ń fi ọwọ́ gbá sẹ́yìn. Ohun kan ni mo fẹ́ kó o ṣe fún mi. Tó o bá máa lọ, má jẹ́ kí n máa wo ọ̀nà. Ṣáà sọ fún mi pé o ti lọ. Ìyẹn tó mi."

Alámì la ẹnu, ṣùgbọ́n oníbàárà kan ti ń pe Ẹmáràá nínú. Alámì yí padà, ó lọ tààrà sí ọ́fíìsì ọ̀gá rẹ̀, ó ní òun dúpẹ́, ṣùgbọ́n òun kò ní lọ. Ojú ni òun fẹ́ fi sọ ọ́ fún Ẹmáràá, kí òun lè rí bó ṣe máa rẹ́rìn-ín. Ẹ wo bí ènìyàn ṣe ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa wàhálà.

Láàárọ̀ Sátidé, ara Alámì kò balẹ̀. Ó fọ àrọ́ rẹ̀, ó tún un fọ̀. Ó ka bébà asẹ́. Ó gbé hóró kọfí tó dára jù tó rà fún ọjọ́ náà, ó wò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń yún un. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti kó gbogbo rẹ̀ sínú ọlọ, ó yí i, yí i, yí i, títí ó fi kúnná bó ṣe yẹ. Inú rẹ̀ dùn. Ó mú fóònù, ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí Ẹmáràá. Fóònù rẹ̀ kò ní àmì ohùn, ọkùnrin tí gbogbo ìlú mọ̀ sí Alámì sì kọ ọ́ ní ìhòòhò báyìí:

Mo ti lo o.

Ẹmáràá wà lórí àkàbà onígi nígbà tí fóònù dún. Ó kà á. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ lórí símẹ́ńtì.

Mo ti lọ o. Ohun tó rí kà nìyẹn. Òun náà ló bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ti sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ó ní kí ló dé tí kò pè é. Ẹni tó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò ní dá ènìyàn dúró, báwo ló ṣe máa tún pè é pé dúró? Ó kọ ọ̀rọ̀ kan péré padà: O daa.

Alámì kà á, inú rẹ̀ tún dùn sí i. Ó dáa! Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n kọ tí wọ́n sì kà, ohùn orí rẹ̀ kò yàtọ̀, ṣùgbọ́n kò sí àmì kankan láyé tó lè fi hàn pé ẹni tó kọ ọ́ ń sunkún. Alámì ń súfèé bó ṣe ń kó ẹrù rẹ̀ sínú àpò.

Aṣojú ló kọ́kọ́ dé. Ó ti iná bọ ẹ̀rọ rẹ̀ lára, ẹ̀rọ náà rú èéfín, ó kùn, ó pariwo, ó sì tú kọfí dúdú sínú ife kékeré. Kọfí náà dára, mi ò ní purọ́. Bàbá mu ún tán. Ó gbé ife kalẹ̀, ó nu ẹnu.

"Ó dáa," ni bàbá wí. Kò tọrọ òmíràn. Ó wo ẹnu ọ̀nà. "Alámì ńkọ́?"

"Ó ti lọ, bàbá mi," ni Ẹmáràá dáhùn. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. "Wọ́n fún un níṣẹ́ níbòmíràn."

Bàbá mí kanlẹ̀. Àánú ọmọ rẹ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n ó rò pé ọ̀nà ti là. "Ọmọ mi, tó bá rí bẹ́ẹ̀, ọkùnrin yìí ṣì wà níbí. Ó fẹ́ràn ẹ. Ó lówó lọ́wọ́. Àbí kí lo rí sí i?"

Ẹmáràá kọjú sí aṣojú, ó fi ọ̀wọ̀ tẹ orí ba fún un. "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ẹ ò ṣẹ̀ mí ní nǹkan kan." Ó wá yíjú sí bàbá rẹ̀. "Bí Alámì bá lọ tí kò padà mọ́, màá ṣì máa fẹ́ràn ẹ̀. Mi ò lè wá fi ojú yẹn máa wo ẹlòmíì nínú ilé. Bàbá mi, ẹ má rà á."

Ọ̀rọ̀ yẹn ba bàbá níbì kan. Ó ń wo ojú ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ẹlòmíràn nínú rẹ̀.

Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ṣí. Alámì wọlé, àpò lọ́rùn, kẹ́tùlù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́, ẹ̀rín lẹ́nu.

"Ẹ káàárọ̀ o, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo pẹ́." Ó wo Ẹmáràá, ẹ̀rín kú lójú rẹ̀. "Kí ló dé? Ta ló pa ẹ́ lẹ́kún?"

"Ṣé o ò ti lọ ni?"

"Lọ síbo? Mo ti sọ fún ọ̀gá mi láti àná pé mi ò lọ síbì kankan."

"O kọ ọ́ sí mi! 'Mo ti lọ o'!"

Alámì gbé kẹ́tùlù kalẹ̀. Ó yọ agolo kan nínú àpò, ó ṣí i. Kọfí lílọ̀ ló kún inú rẹ̀. "Mo ti lọ̀ ọ́," ló wí jẹ́jẹ́. "Kọfí. Mo ti lọ̀ ọ́."

Gbogbo wọn wo inú agolo náà. Lẹ́yìn náà aṣojú, ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ náà dùn jù, òun ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá tẹ̀ lé e. Ẹmáràá ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó ń fi aṣọ ìnu-kẹ́tùlù lu Alámì léjìká.

"Ìwọ! Ìwọ tó ò ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ gbogbo ayé! Ọ̀rọ̀ tìẹ ni ò rí àmì!"

"Olólùfẹ́ mi, dákun, ó tọ́ sí mi. Lù mí sí i."

Ó na ọwọ́ láti tún lù ú, imú rẹ̀ bá gbúròó agolo. Ó dá ọwọ́ dúró. "Ìgbà wo lo lọ èyí?"

"Láàárọ̀ kùtù."

"Kí ni mo kọ́ ẹ?"

"Pé èyí tí wọ́n bá lọ̀ sílẹ̀ ti kú."

"Ó ti ń kú lọ. Kó o gbé e kúrò níwájú mi." Ó fa àpótí káńtà, ó gbé ìgò tó ń fi hóró kọfí sí jáde. Èyí tó kù nínú rẹ̀ kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ. Ó dà á sínú ọlọ kan tó mú lórí pẹpẹ, ó nà án sí Alámì.

"Gbé e wá," ni bàbá wí.

Wọ́n wò ó.

"Mo ní kí ẹ gbé e wá. Mo ti ta nǹkan yìí títí, mi ò fi ọwọ́ ara mi yí i rí."

Ó jókòó, ó gbé ọlọ sáàárín orúnkún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Hóró kọfí ń fọ́ wẹ́wẹ́, òórùn rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀. Omi ń hó lórí iná. Bàbá kò gbé ojú sókè nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

"Ẹmáràá, ṣé o mọ ohun tí ìyá ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi? Ojú wíńdò ilé aláago ni mo dúró sí. Mo fẹ́ ra aago wúrà tí agbára mi ò ká, torí pé ó ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, mo sì fẹ́ kó rí mi bí èèyàn pàtàkì. Ó fọwọ́ kàn mí léjìká. Ó ní, 'Ẹ má rà á. Mo ti rí yín ná.'"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ọlọ. Ẹmáràá kò gbọ́ ìtàn yẹn rí láyé rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ tì í, ó gbé orí lé e léjìká, bàbá sì ń bá lílọ̀ rẹ̀ lọ.

Alámì fi ọwọ́ tó balẹ̀ da omi. Kò kánjú, kò sì fi iṣẹ́ náà ṣe ìdíje pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Ó jẹ́ kó mí, ó tún dà á, ó gbé ife fún bàbá pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó bu ti aṣojú, ó bu ti Ẹmáràá.

Bàbá fi ètè kàn án. "Ó gbóná."

"Ẹ fẹ́ ẹ, bàbá."

Bàbá fẹ́ ẹ, ó mu. Ó tún mu. Kò sọ pé ó dáa. Ó mu ún títí ó fi rí ìdí ife, ó wá na ife náà síwájú bí ọmọdé. "Ṣé ó kù?"

Ẹmáràá bo ẹnu rẹ̀. Ó bu ti ọwọ́ rẹ̀ sínú ife bàbá rẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún ara rẹ̀, ó dúró síbẹ̀, ó ń wo Alámì, ó ti gbàgbé pé òun mú ife dání.

"Ìwọ ńkọ́," ni bàbá wí fún un, "kí lò ń dúró dè? Fẹ́ ẹ!"

Ẹmáràá yára gbé ife sókè, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i fùú-fùú.

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ọlọ fi já bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Ọmọ yìí! Kọfí kọ́ ni mò ń wí!"

Ojú gbogbo wọn lọ sára Alámì. Ọwọ́ Alámì ti gòkè síbi bírò ẹ̀yìn etí rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe bí ọ̀rọ̀ bá ní ìtumọ̀ méjì, ó wá rí i pé kò sí àmì tí òun lè fi sí èyí. Ohùn kan náà ni méjèèjì. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀.

"Ṣé o gbọ́ ohun tí bàbá wí?" ló bi Ẹmáràá.

"Mo gbọ́," ni Ẹmáràá dáhùn. Ó fẹ́ kọfí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ń wò ó láti orí ife. "Mo ti ń fẹ́ ẹ tipẹ́."

Aṣojú mu tirẹ̀ tán, ó dìde, ó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kó tó jáde, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú pẹpẹ ìsàlẹ̀, ó mú ọlọ ọlọ́wọ́ kan. Ó wo Ẹmáràá, ó ń retí. Ẹmáràá kò sọ nǹkan kan, ó kàn bá a wé e.

Nígbà tó yá, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn mú, Alámì dúró síwájú wíńdò ilé alágbẹ̀dẹ wúrà. Òrùka tó pọ̀ ló wà níbẹ̀, àwọn kan ń kọ mànà, àwọn kan ní òkúta tó tó èkánná. Ojú rẹ̀ kọjá lórí gbogbo wọn, ó dúró lórí ọ̀kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí kò ní ohunkóhun lára ju dídán rẹ̀ lọ. Ó ki ọwọ́ bọ àpò. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ Ẹmáràá lẹ́yìn rẹ̀, kò yíjú padà, ó dúró kó gbọ́ ohun tí gbogbo òpópónà mọ̀ pé ó máa sọ.

Ẹmáràá gbé àgbọ̀n lé e léjìká, ó wo òrùka náà dáadáa.

"Rà á," ló wí.